Oníbàárà Tó Ráhùn Kì Í Ṣe Ọ̀daràn



Mo gbọ́ pé díẹ̀ nínú àwọn tó ń du ipò ṣèlérí láti máa fi ọlọ́pàá mú ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ọjà wa láìdáa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò fara mọ́ ọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, obìnrin kan ní Èkó kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú tòmátò Nagiko tí ilé-iṣẹ́ Erisco Foods ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ náà fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Wọ́n mú un, wọ́n gbé e dé Àbújá. Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ọ̀rọ̀ tí ìwọ̀nba ènìyàn ìbá kà di ohun tí gbogbo Nàìjíríà ń sọ. Ọ̀pọ̀ ní àwọn kò ní ra ọjà náà mọ́. Ẹni tó jàre, kóòtù ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Bí ẹnikẹ́ni bá purọ́ ba orúkọ yín jẹ́, ẹ lè pè é lẹ́jọ́ láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn níbi tó ti kọ̀wé, lójú gbogbo ayé: ẹ bi í ní ọjọ́ tó rà á, ẹ yẹ ọjà náà wò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá bàjẹ́.

Kí ẹ tó dìbò, ẹ bi àwọn olùdíje: bí oníbàárà bá ní yanrìn wà nínú gàrí wa, ta ni wọn yóò kọ́kọ́ pè, oníbàárà ni tàbí ọlọ́pàá?