Ìmúbọ̀sípò Igbó àti Ilẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kó Ṣáájú Igi Gbíngbìn

Àwọn tó péjọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ àyíká, nítorí náà ìtumọ̀ kò ní gba àkókò. Àwùjọ ẹlẹ́mìí ni igi, koríko, ẹranko, kòkòrò àti àwọn ohun tíntìntín inú ilẹ̀, pẹ̀lú omi àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n jọ ń lò. Ìmúbọ̀sípò sì ni ìrànlọ́wọ́ tí ènìyàn ń ṣe fún irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ti bàjẹ́, kí ó lè tún máa gbé ara rẹ̀ ró. Bí ẹgbẹ́ Society for Ecological Restoration ṣe là á sílẹ̀ ní 2004 náà nìyẹn, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti ya ọdún 2021 sí 2030 sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà.

Ìlànà àkọ́kọ́ ni pé kí a mọ ohun tó ba ilẹ̀ jẹ́, kí a sì dá a dúró, kí a tó gbin ohunkóhun. Ta ni kò mọ èyí? Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn tó gbà pé igi gbíngbìn nìkan ni ìmúbọ̀sípò ti ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀pọ̀ àgbà tó wà níjókòó yóò rántí bí wọ́n ṣe máa ń to àwọn ọmọ iléèwé sínú oòrùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbin igi, tí ọ̀gá kan á di ṣọ́bìrì mú kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀, tí wọn á sì ri igi náà mọ́lẹ̀ tòun ti láílọ́ọ̀nù dúdú tó wà ní gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, pápá ti jó igi náà.

Ẹ̀rí tó yẹ kó ti parí àríyànjiyàn yìí kò jìnnà. Nínú igbó ìjọba tó wà ní Olókemejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, níbi tí ẹgàn, ìyẹn igbó dúdú onígi ńláńlá, ti pàdé ọ̀dàn, ìyẹn ilẹ̀ koríko tí igi rẹ̀ fọ́n káàkiri, àwọn onímọ̀ igbó ya ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní 1929. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dáná sun ọ̀kan nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, wọ́n ń sun èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Nígbà tí àwọn onímọ̀ igbó méjì, Charter àti Keay, tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 1960, koríko ti gba ilẹ̀ àkọ́kọ́, ìwọ̀nba igi tí èèpo wọn le tó láti fara da iná ló ṣẹ́ kù síbẹ̀. Igi ilẹ̀ kejì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n koríko kò tíì tán. Ilẹ̀ kẹta ti di igbó, òjìji ẹ̀ka igi sì ti pa koríko rẹ̀. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀ síra ni pé koríko ṣì ní omi lára díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, iná kì í sì í le. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti gbó, koríko á gbẹ fọ́nfọ́n, igi á ti máa yọ ewé tuntun, iná tó bá jó nígbà náà á sì jó èéhù kéékèèké kanlẹ̀.

Àwọn alátakò á ní dídá iná dúró kí igbó lè tún hù falẹ̀, pé tíìkì àti mẹlínà tètè ń bo ilẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n sì ń mówó wá, kò sí ẹni tó bínú sówó. Ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ Éṣíà ni igi méjèèjì ti wá, oko tí a gbin irú igi kan ṣoṣo sí kì í sì í ṣe igbó. Igbó máa ń hù láti ara kùkùté tí kò tíì kú, láti ara irúgbìn tó wà nínú ilẹ̀, àti láti ọ̀dọ̀ àdán tó ń jẹ èso ìrókò níbì kan, tó sì ń yàgbẹ́ rẹ̀ síbòmíràn.

Ìlànà kejì ni pé kí a mọ irú ilẹ̀ tí à ń mú bọ̀ sípò. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tí igi rẹ̀ kò pọ̀ ló bàjẹ́. Ọ̀dàn tí igi ẹ̀mí, ìyẹn igi òrí, àti igi igbá, ìyẹn igi irú, ti ń so láti ayébáyé ní ẹranko àti koríko tirẹ̀, ẹni tó bá sì da tíìkì bò ó ti bà á jẹ́ ni.

Ìlànà kẹta ni pé kí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà. Ní Màrádì, ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, láti nǹkan bí ọdún 1983, Tony Rinaudo, onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, àti àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò gbin igi púpọ̀. Wọ́n yan èéhù lára kùkùté inú oko, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀nà náà sì tàn ká ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà.

Àkókò kò gbà kí a la ọ̀rọ̀ àbójútó já. Iye igi tí a gbìn nìkan ni àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ yìí sábà máa ń bèèrè kí wọ́n tó sanwó iṣẹ́, kì í ṣe iye tó yè. Àwọn tó ń buwọ́ lùwé owó lè bẹ̀rẹ̀ láti orí sísanwó fún àwọn ará abúlé tí yóò máa ro ààlà yí ilẹ̀ náà ká lóṣù kọkànlá, kí pápá tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.