Àká Inú Ara

Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ní Èkó Akété, ilé ọgbọ́n, ni èmi tí gígun àtẹ̀gùn lásán ń mú kí n máa mí hẹlẹ ti ń ṣe kàyéfì ohun tí ó ń gbé ẹlẹ́ran ara sá kìlómítà 42 ó lé díẹ̀.

Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, ni àwọn àgbà wí. Iyán ọ̀hún, bí ó bá ti dà nínú, ṣúgà ni ó ń di, èyí tí ara kò bá sì lò lójú ẹsẹ̀ ni ó ń kó pamọ́, nǹkan bí gíráàmù 100 sínú ẹ̀dọ̀, àti bí ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ sínú iṣan, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo sínú àká. Ọ̀rá pẹ̀lú ń bẹ, ó sì pọ̀, kódà lára ẹni tí ó rù. Ṣùgbọ́n ìtì igi ni ọ̀rá, kì í tètè gbiná, afẹ́fẹ́ tí ó sì ń fẹ́ kí ó tó jó ju ti ṣúgà lọ. Nígbà tí àká bá wá ṣófo, ní nǹkan bí kìlómítà 30 fún ọ̀pọ̀ asáré, ẹsẹ̀ á wúwo bí odó, ọkàn á rẹ̀wẹ̀sì: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sáré, ẹ jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ẹ sì máa mu omi oní-ṣúgà díẹ̀díẹ̀ kí àárẹ̀ tó dé. Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè.