Èkan Kì í Ṣe Èrùwà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé wa ní Òṣòdì



Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti ń retí ọ̀rọ̀ lórí oyè, tàbí ogun, tàbí orírun wa. Koríko ni mo mú wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà wí pé ohun tí ó jọ ohun ni a fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ni ó jọ pósí ẹ̀lírí. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó jọ ohun kì í ṣe ohun náà, àgbẹ̀ tí ó bá sì pe èkan ní èrùwà, iṣu rẹ̀ ni yóò fi san gbèsè náà.

N ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi ara mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, a fún wa ní ilẹ̀ kan tí koríko bò. Mo wò ó lókèèrè, mo ní èrùwà ni. Mo pàṣẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkọ́ gé ìdí rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí wọ́n sì rò ó pọ̀ mọ́ ebè. A gbin iṣu sí i. Kí òjò tó dá, koríko náà ti nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí a sì wa iṣu, ṣóńṣó funfun ti gún ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ inú, wọ́n sì ti ń jẹrà. Ìyá arúgbó kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà wò mí, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ gbin èkan yìí o. Gbogbo èyí tí ẹ gé, irúgbìn ni.” Ìyá náà kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n òun ni olùkọ́ mi ní ọjọ́ náà.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo àmì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkan ni àkọ́kọ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Imperata cylindrica. Kì í ga púpọ̀. Bí ó bá ga tán, ó lè tó àyà ènìyàn. Láti inú ilẹ̀ ni ewé rẹ̀ ti ń yọ ní ìdúró. Ẹ mú ewé kan, ẹ wo ìlà funfun tí ó gba inú rẹ̀ kọjá: kì í sábà wà ní àárín gan-an, ó máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Etí ewé náà mú. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó múlọ́múlọ́ bí òwú, ó sì ṣù pọ̀ ṣooro lórí igi kan. Ṣùgbọ́n àmì tí kì í tan ni jẹ wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ wú u, ẹ ó rí ìtàkùn funfun tí ó ní oríkèé, tí orí rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Bí a bá gé e sí ọ̀nà mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò hù. Bí iná bá jó o, ewé nìkan ni ó ń jó. Ìtàkùn yóò tún rú jáde.

Èrùwà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdì-ìdì ni ó ń hù, ó sì ga ju ènìyàn lọ dáadáa. Òdòdó rẹ̀ kì í ṣù pọ̀. Ó ń yà ní méjì-méjì bí ìka tí a là. Èrùwà sì pín sí oríṣi. Èyí tí ó wà ní ọ̀dàn gbalasa, Andropogon gayanus, tí àwọn Haúsá ń pè ní gàmbà, a máa ní irun múlọ́múlọ́ lára ewé. Èkejì, Andropogon tectorum, fẹ́ràn abẹ́ igi. Ewé rẹ̀ fẹ̀ jù, ìdí ewé náà tín-ínrín, ó gùn bí ẹni pé ó ní igi, gbòǹgbò a sì máa yọ ní oríkèé ìsàlẹ̀ láti fi ti ara rẹ̀ ró.

Eèsún ni ẹ̀kẹta. Igi rẹ̀ nípọn bí ìrèké, ó fẹ́ràn ilẹ̀ ọlọ́rinrin àti etí odò, orí rẹ̀ sì dàbí ìrù ọ̀kẹ́rẹ́, ó le lọ́wọ́, kò rọ̀ bí ti èkan.

Ẹ lè bi mí pé, kí ni èrè rẹ̀? Ilé ni èkíní. Kí páànù tó dé, koríko ni ó bo orí ọba àti tálákà. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ ti ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, nígbà tí a ń gbé koríko bẹẹrẹ wá fún bíbo ààfin. Ẹ tún gbọ́: nígbà tí Schumacher ará Denmark tẹ ìwé jáde ní 1827 lórí àwọn ewéko tí Thonning kó ní Etíkun Wúrà, èyí tí í ṣe Ghana lónìí, “ti òrùlé” ni ìtumọ̀ tectorum tí a sọ èrùwà ní èdè Látìn. Àjèjì ń rántí òrùlé, àwa sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní “igbó”.

Oúnjẹ ẹran ni èkejì. Irúgbìn gàmbà tí a mú láti Shika, lẹ́bàá Zaria, ni Colombia fi ṣe koríko màlúù tí wọ́n gbé jáde ní 1980. Ṣùgbọ́n ní ìhà àríwá Ọsirélíà, níbi tí a ti kó gàmbà dé ní 1931, ó ti di ọ̀tá: ó ga, ó ń gbẹ, iná rẹ̀ sì ń pa igi, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kà á mọ́ èpò tí ó burú jù lọ ní orílẹ̀-èdè wọn ní 2012. Koríko kan náà ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó lè mọ ibi tí ó yẹ kí ó wà.

Ẹ̀kẹta ni oko. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, láti ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbin mukúná, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ni, láti bo èkan mọ́lẹ̀. Èkan kò fẹ́ òjìji rárá. Ewé mukúná ń ṣíji bò ó, a kò sì gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èmi ti ṣe. Ẹ kíyè sí i pé bí a bá ṣi koríko náà pè, a ó ṣi ìwòsàn rẹ̀ lò.

Ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ má sọ pé ọkọ̀ àti ọjà nìkan ni ó kù lọ́dọ̀ wa. Lórí ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí, ẹ mú ọmọ yín lọ, ẹ wú ìdì kan, ẹ bi í pé: kí ni orúkọ rẹ̀? Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, gbogbo wọn sì dáhùn pé, “Koríko ni, sà.” Àwọn wọ̀nyí ni yóò kọ́ ọmọ wa lọ́la.

Ohun tí mo ń bẹ Ẹgbẹ́ yìí ni pé kí olúkúlùkù mú koríko kan wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, tòun ti gbòǹgbò àti òdòdó, kí ó ti gbẹ láàrin ìwé, kí a sì kọ orúkọ tí àwọn àgbà ìlú rẹ̀ ń pè é sí abẹ́ rẹ̀. Orúkọ lè yàtọ̀ láti Ìjẹ̀bú dé Ọ̀yọ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ tètè bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ìyá tí ó kọ́ mi ti lọ, n kò sì bi í ní orúkọ koríko mìíràn ju ọ̀kan ṣoṣo náà lọ.