Àjọṣe Àwọn Aṣáájú Ìlú Charlotte Lórí Ìgòkè Ọmọ Tálákà

Ní ọdún 2014, Raj Chetty àti àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta mìíràn gbé ìwádìí kan jáde lórí ìgòkè nínú ọrọ̀ ajé, èyí tí í ṣe bí ó ti ṣeé ṣe tó fún ọmọ tí a bí sílé tálákà láti ní ju àwọn òbí rẹ̀ lọ. Nínú 50 ìlú tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà, Charlotte ní ìpínlẹ̀ North Carolina ló gbẹ́yìn. Bí a bá pín àwọn ìdílé sí ọ̀nà márùn-ún gẹ́gẹ́ bí owó tó ń wọlé fún wọn ti pọ̀ sí, nínú 100 ọmọ tí a bí sí ìpín ìsàlẹ̀ pátápátá, díẹ̀ lé ní mẹ́rin péré ló ń dé ìpín òkè pátápátá ní Charlotte, nígbà tí iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13 ní San Jose. Ìtìjú ńlá nìyẹn fún ìlú tí olú ilé iṣẹ́ Bank of America fìdí kalẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò. Ní àwọn ọdún 1960 ni ìjọba wó Brooklyn, àdúgbò àwọn Aláwọ̀dúdú tó wà láàárín ìgboro Charlotte, tí àwọn ará ibẹ̀ sì fọ́n ká. Ní 1971, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ láti àdúgbò kan sí òmíràn, kí dúdú àti funfun lè jọ kàwé; ṣùgbọ́n ìdájọ́ mìíràn fòpin sí i ní 1999, àwọn ọmọ sì padà sí ilé ìwé àdúgbò wọn láti 2002, olówó pẹ̀lú olówó, tálákà pẹ̀lú tálákà.

Láti wá ojútùú sí ìṣòro tí ìwádìí náà fi hàn, àwọn aṣáájú ìlú gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 2015. Ó ní alága méjì, Ophelia Garmon-Brown tí í ṣe oníṣègùn àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run, àti Dee O'Dell tí í ṣe ọ̀gá ní báńkì. Iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa Keith Lamont Scott, ọkùnrin Aláwọ̀dúdú kan, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, tí ìgboro sì dàrú. Ìwé àbájáde wọn jáde ní 2017. Ó mẹ́nu ba ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré, ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì àti iṣẹ́, àti ìdúróṣinṣin ìdílé, ó sì fi hàn pé ìyàsọ́tọ̀ àti àìmọ ènìyàn tó lè ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ fúnni ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn.

Ibi tí àjọṣe àwọn aṣáájú ìlú ti so èso ni ibi tí olúkúlùkù ti fi ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2018, àwọn olùdìbò gbà kí ìlú yá 50 mílíọ̀nù dọ́là fún ilé tí apá mẹ̀kúnnù ká, nígbà tó jẹ́ pé 15 mílíọ̀nù ni wọ́n ń yá tẹ́lẹ̀. Àjọ aláàánú Foundation For The Carolinas sì kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ aládàáni kí tiwọn lè bá ti ìlú dọ́gba. Ìjọba agbègbè Mecklenburg, tí Charlotte wà nínú rẹ̀, dá ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nípa pípín àwọn ọmọ sí ilé ìwé, níbi tí àwọn òbí olówó ìbá ti pàdánù nǹkan, ọwọ́ àwọn aṣáájú rọ̀, ìyẹn sì ni àbùkù tó tóbi jù nínú iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí àwọn olùwádìí tún ọ̀rọ̀ náà wò ní 2024, Charlotte ti gòkè sí ipò 38. Inú ará ìlú dùn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn tí a bí ní 1992 ni wọ́n wọ̀n, ìyẹn àwọn tó ti dàgbà kí ìgbìmọ̀ náà tó jókòó rárá. Bí wọ́n bá sì ń bá a lọ láti máa wo owó tó ń wọlé fún ènìyàn ní ọmọ ọdún 27, àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ jẹ́lé-ó-sinmi ọ̀fẹ́ yẹn ní 2018 kò ní kàn títí di nǹkan bí ọdún 2041.