Ta Ni Ẹyin Kan Ṣoṣo Tọ́ Sí?

(Ọ̀rọ̀ tí olùbẹ̀wò ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní ìpàdé ọlọ́dọọdún)

Ìwé owó ni ẹ fi mọ̀ wá. Lónìí, ìkòkò ọbẹ̀ yín ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Nínú ẹgbẹ́ wa, bí ẹnì kan bá ti bá ẹgbẹ́ ṣòwò tó ni èrè rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ló gbé òfin yìí wọ ilé: ẹni tó mú owó wálé ló ń jẹ ẹran tó tóbi jù, ìyá ń jẹ èyí tó kù, ọmọdé ń fi omi ọbẹ̀ jẹ ọkà. A tún ní ẹran ń sọ ọmọ di olè. Ẹ̀yin ará, ara kò mọ ẹni tó mú owó wálé.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún. Èròjà irin tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀, mílígíráàmù 8 ni ọkùnrin nílò lóòjọ́. Aboyún nílò 27. Ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni kí ó máa jẹ, kí ó fi ọsàn lé e, kí ó sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fún un nílé ìwòsàn.

Bí ó bá bímọ, ọmú nìkan tó ọmọ títí di oṣù 6, láìsí omi, láìsí àgbo. Oúnjẹ ìyá ni kí á fi kún.

Lẹ́yìn oṣù 6 ni ewu ń bẹ. Ògì lásán ń yó ọmọ ni, kò tó láti mú un dàgbà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tó wọn kílò 9, nílò nǹkan bíi gíráàmù 11 purotéènì lóòjọ́. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ó ju ìdajì lọ! Fún ọkùnrin tó wọn kílò 60, ẹyin yẹn kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tó nílò. Ta wá ni ẹyin náà tọ́ sí? Bí kò bá sí ẹyin, ẹ lọ ẹ̀pà tàbí edé sínú ògì, tàbí kí ẹ fún un ní mọ́ínmọ́ín rírọ̀.

A ti rí ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ta gbogbo ẹyin adìẹ rẹ̀ kí owó oṣooṣù má bàa yẹ̀, tó sì tún wá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti tọ́jú ọmọ tí àìrí oúnjẹ gidi jẹ dá wó. Ẹyin díẹ̀ ìbá ti gbà á lọ́wọ́ gbèsè yẹn.

Láàrín 1956 sí 1961, Dókítà David Morley ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ó ṣe ti tàn dé ilẹ̀ púpọ̀. Ẹ máa wò ó bí ìwé ìfowópamọ́. Bí ìlà bá ń gòkè, ó dára. Bí ó bá dúró sójú kan, ẹ tètè gbé ọmọ lọ fún ìtọ́jú. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú.

Ọ̀dọ́ tí egungun rẹ̀ ń gùn ń fẹ́ oúnjẹ gidi, pàápàá ọmọbìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè lè jẹ iyán yó. Ẹni tó jókòó ti ìsọ̀ kí ó dín in kù. Iyọ̀ àgbàlagbà kò gbọdọ̀ ju ṣíbí ìmumi-tíì kan lọ lóòjọ́. Arúgbó kì í jẹun púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà tó rọ̀. Kí ó sì máa mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́.

Bí a bá ń pín èrè, ẹ jẹ́ kí á wo ìwé. Bí a bá ń pín oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ara oníkálukú ń fẹ́. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o.