Eku, Gààrí àti Ilé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kò ju ọ̀rọ̀ eku lọ, ṣùgbọ́n eku náà ti pa dókítà, ó sì ti pa nọ́ọ̀sì.

Ní oṣù kìíní ọdún 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì àwọn oníwàásù ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọkọ̀ òfuurufú gbé e dé Jos. Ibẹ̀ ni ó kú sí. Charlotte Shaw tí ó tọ́jú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, ni a gbé dé New York, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni a kó lọ sí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, níbi tí Jordi Casals àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí kòkòrò àìfojúrí kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Àrùn náà dá Casals fúnra rẹ̀ wó. Omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára tí ó fi yè. Juan Roman, òṣìṣẹ́ ìwádìí mìíràn ní Yale, kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Ní 1970, ní Jos, Dókítà Jeanette Troup fara gbọgbẹ́ níbi tí ó ti ń yẹ òkú aláìsàn wò, òun náà sì bá a lọ.

Ní 1972, ní Sierra Leone, àwọn olùwádìí bá kòkòrò náà lára eku kan tí ó ń gbé inú oko àti inú ilé. Kì í ṣe eku náà ní nǹkan kan. Ìtọ̀ rẹ̀ ni ó léwu. Orí àgbàdo tí a kò bò, orí gààrí tí a yan tán tí a tẹ́ kalẹ̀ kí ó tutù, ni ó ń tọ̀ sí. Iná ń pa kòkòrò náà nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n gààrí tí a fi omi tútù mu kò tún dé orí iná mọ́. (Kò sí ẹni tí ó ní kí a má mu gààrí o, ìdérí ni kí a wá fún un.)

Ibà Lassa jọ ibà ẹ̀fọn títí ó fi máa ń pẹ́ jù. Oògùn ribavirin wà, kíákíá ni ó sì yẹ kí a lò ó, ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ ẹni tí ó tọ́ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀jẹ̀ ọmọ Nàìjíríà ní láti sọdá òkun kí a tó mọ orúkọ ohun tí ó pa á. Kí ọdún 2010 tó dé, ilé ìwòsàn ńlá ti Irrua, ní Ìpínlẹ̀ Edo, ti ń ṣe àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìrànwọ́ ilé ìwádìí kan ní Hamburg, ní Jámánì. Nígbà tí Ebola sì wọ Èkó ní 2014, ilé àyẹ̀wò wà nítòsí, ní Ìdí-Àràbà: ogún ènìyàn ni ó kó o, mẹ́jọ kú, ó sì tán láàárín oṣù mẹ́ta.

Ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi í léèrè: ilé àyẹ̀wò wo ni ó sún mọ́ ìlú yìí jù? Ọjọ́ mélòó ni èsì fi ń dé? Ta ni ó ń ra epo sí ẹ̀rọ iná rẹ̀?