Ohun Tí Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Ń Kọ́ Ẹlẹ́wọ̀n

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Smyrna, ìpínlẹ̀ Georgia



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fẹ́ sọ lójú agbo. Bí a bá dárúkọ ẹlẹ́wọ̀n láàárín wa, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á." Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni yóò jáde lọ́jọ́ kan. Wọn yóò wá iṣẹ́, wọn yóò gba ilé sí àdúgbò wa, wọn yóò bá wa tò sórí ìlà kan náà ní ọjà. Irú ènìyàn wo ni ọgbà ẹ̀wọ̀n ti sọ wọ́n dà kí ọjọ́ náà tó pé? Ìdáhùn mi ni pé ibi tí ẹlẹ́wọ̀n ń sùn ni olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ibẹ̀ bá ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìwé tàbí ìwàásù lọ bá a.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpínlẹ̀ tí a wà yìí. Ní ọdún 2021, Ilé Iṣẹ́ Ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kéde pé òun ń ṣe ìwádìí lórí ìwà ipá nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Georgia, níbi tí nǹkan bí 50,000 ènìyàn wà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Láàárín ọdún 2018 sí 2023, ènìyàn 142 ni wọ́n pa nínú ọgbà. Mo tún un sọ: 142, lábẹ́ òrùlé ìjọba. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wọ́dà tó ṣófo láìsí ẹni tó ń ṣe é ju ìdajì lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò gba gbogbo ẹ̀sùn náà, ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 2025 Gómìnà Kemp fúnra rẹ̀ béèrè owó tó ju 600 mílíọ̀nù dọ́là lọ láti fi tún àwọn ọgbà náà ṣe.

Mo fẹ́ kí a wo ohun kékeré kan dáadáa: kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn aṣèwádìí rí i pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn yàrá ni kò ṣe é tì mọ́. Bí ilẹ̀kùn kò bá tì, tí wọ́dà kan ṣoṣo sì ń sáré láàárín ilé méjì, mẹ́ta, ta ló ń ṣàkóso lóru? Ẹgbẹ́ jàǹdùkú ni. Àwọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀dì tí oníkálukú yóò sùn lé. Wọ́n ń gé irin lára ilé náà fúnra rẹ̀, wọ́n ń pọ́n ọn dọ̀bẹ. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2021 sí oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ohun ìjà tó ju 27,000 lọ ni àwọn aláṣẹ gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn jàǹdùkú náà ń pe ìyá ọmọ lórí fóònù pé kó fi owó ránṣẹ́ bí kò bá fẹ́ kí wọ́n lu ọmọ rẹ̀.

Ọmọ ogún ọdún tó jalè, tí wọ́n jù sí irú ibẹ̀, kí ni yóò kọ́? Yóò kọ́ pé ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn kò lè sùn. Yóò kọ́ pé ọ̀bẹ ló ń dáàbò bo ni, òfin kọ́. Ààbò tó bá rí lójú ẹsẹ̀ ni yóò dì mú, yóò sì darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ jàǹdùkú. Ẹ wá ní kí ó wá jókòó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ó kọ́ ìṣirò. Àgbàdo wo ló ń hù lórí àpáta?

Àwọn kan á ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn tí wọ́n pa ènìyàn wọn ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Mo ń bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n adájọ́ tó sọ pé kí ẹnì kan lọ ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, ọdún márùn-ún ló dá fún un, kò dá a lẹ́jọ́ pé kí wọ́n gún un. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ láti ọdún 1994, nínú ẹjọ́ Farmer àti Brennan, pé ìlùkulù lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n mìíràn kì í ṣe ara ìjìyà tí òfin fi lélẹ̀. Àwọn baba wa náà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan ni ọ̀pọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní.

Irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa rárá. Nínú àtìmọ́lé káúńtì Fulton tó wà ní Rice Street, ní Atlanta níbí, ọkùnrin ẹni ọdún 35 kan kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àrùn ọpọlọ ń ṣe. Ìdun ti bo gbogbo ara rẹ̀. Ẹ̀sùn kékeré ni wọ́n fi kàn án, ilé ẹjọ́ kò sì tíì dá a lẹ́bi.

Ẹni tí kò tíì jẹ̀bi! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa ní Nàìjíríà. Nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá àwọn tó wà lẹ́wọ̀n níbẹ̀ ló ń dúró de ìdájọ́. Ọdún 1955 ni wọ́n kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí fún 800 ènìyàn, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì ti ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Kí ni a fẹ́ tún ṣe nínú ìwà ẹni tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó ṣẹ̀? Òfin tuntun tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019 fún alábòójútó ọgbà láṣẹ láti kọ ẹni tuntun bí ọgbà bá ti kún. Òfin dáadáa ni, ṣùgbọ́n àwọn ọgbà wa ṣì kún àkúnya.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ wà, kò sì ju ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan àbọ̀ lọ síbí. Láti ọdún 2016 ni Life University, tó wà ní Marietta ní ẹ̀gbẹ́ wa yìí, ti ń kọ́ àwọn obìnrin nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Lee Arrendale ní ẹ̀kọ́ yunifásítì tó ń fúnni ní dígírì. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ RAND gbé jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé ìṣeéṣe kí ẹlẹ́wọ̀n tó kàwé nínú ọgbà tún padà sẹ́wọ̀n fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹni tí kò kà. Síbẹ̀, lọ́dún 1994 ni ìjọba àpapọ̀ gba Pell, owó ìrànwọ́ tí wọ́n fi ń kàwé ní yunifásítì, lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Oṣù Keje ọdún 2023 ni wọ́n tó dá a padà fún wọn pátápátá. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló ṣòfò! Bí owó bá tilẹ̀ wà, kíláàsì nílò wọ́dà tí yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ dé ibẹ̀. Bí wọ́dà kò bá sí, wọ́n á ti gbogbo wọn mọ́lé, kíláàsì á sì dúró.

Ó ku èyí tó kan àwa gan-an. Àwọn ìdílé kan wà láàárín wa tí ọmọ wọn wà lẹ́wọ̀n, tí wọ́n ń sọ fún ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ó ti kó lọ sí Texas. Ojú ló ń tì wọ́n, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò sẹ́ni tó ń wá a wò ni ẹgbẹ́ jàǹdùkú kọ́kọ́ ń fà mọ́ra. Ní Georgia, orúkọ yín gbọ́dọ̀ wọ ìwé àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí kí ẹ tó lè wọlé, nítorí náà ẹ tètè kọ fọ́ọ̀mù. Bí ìyá kò bá lè dá lọ, kí ọ̀rẹ́ bàbá gbé e lọ. Bí wọ́n bá pè yín fún owó lábẹ́ ìhàlẹ̀, ẹ má dá a mọ́ra, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti di ọmọ ilẹ̀ yìí, ìbò la fi ń yan Sheriff tó ń ṣàkóso àtìmọ́lé káúńtì Cobb tí a wà yìí. Nígbà tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi í léèrè iye wọ́dà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru.